Ta Ni Ó Rán Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Sínú Ìjì?

 

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi ṣí ọ̀rọ̀ òní. Kí ló dé tí Yorùbá fi ń gun kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé wíwà ni wọ́n ń wa ọkọ̀? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń rẹ́rìn-ín nígbàkígbà tí mo bá bi wọ́n, nítorí wọ́n rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mo ń ṣe. Kì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọkọ̀ tí àwọn baba ńlá wa kọ́kọ́ mọ̀, ti ojú omi ni. Àjẹ̀ ni wọ́n fi ń wà á. Nígbà tí ọkọ̀ ilẹ̀ dé, ọ̀rọ̀-ìṣe náà tẹ̀lé orúkọ rẹ̀ gòkè odò. Kẹ̀kẹ́ ní tirẹ̀ kò bá ti odò wá. Ohun tí ènìyàn gbé ẹsẹ̀ lé, tó jókòó lé lórí, tí ìhà rẹ̀ méjèèjì ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹṣin ni ó jọ lójú àwọn tó kọ́kọ́ rí i. A ń gun ẹṣin, a ń gun igi, a ń gun òkè, a sì ń gun kẹ̀kẹ́. Ohunkóhun tí a bá gùn, a lè já bọ́ láti orí rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èdè ń sọ fún wa níbí. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀, inú ni ó wọ̀. Ilẹ̀kùn wà, fèrèsé wà, òrùlé wà. Ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ kò wọ inú ohunkóhun. Orí nǹkan ni ó wà, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́mu tó wà lórí ọ̀pẹ. Bí òjò bá ká a mọ́ ojú ọ̀nà, ara rẹ̀ gan-an ni òrùlé rẹ̀. Agboòrùn kò lè gbà á (ẹ tilẹ̀ kíyè sí i pé oòrùn ni a fi sọ agboòrùn lórúkọ, kì í ṣe òjò, ìyẹn di ọjọ́ mìíràn), nítorí ẹni tó fi ọwọ́ kan di agboòrùn mú, tó fi ọwọ́ kejì di kẹ̀kẹ́ mú nínú ìjì, ilẹ̀ ni ó ń wá lọ.

Kì í ṣe gírámà nìkan ló gbé mi dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń fi kẹ̀kẹ́ ológeere gbé oúnjẹ àti ẹrù kiri ní àwọn ìlú wa, pàápàá ní Èkó. Òfin tó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022 kò kan kẹ̀kẹ́ tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, kẹ̀kẹ́ náà kò sì mu epo, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023. Ọmọ tó ní ẹsẹ̀ tó le àti fóònù lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Mo fẹ́ràn kẹ̀kẹ́, mo sì fẹ́ràn ọmọ tó ń tiraka. (Ẹ rí i pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ "fi ẹsẹ̀ wà"; bí èdè ṣe ń yí nìyẹn, ọ̀rọ̀-ìṣe ọkọ̀ ti ń wọ inú ti kẹ̀kẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwa tí a kò gun ẹṣin rí.)

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan wà, ọmọ tó máa ń bá mi jiyàn lórí àmì ohùn, tí kò wá sí kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Nígbà tó padà dé, aṣọ ni wọ́n fi gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ó ṣàlàyé fún mi pé òun ń fi kẹ̀kẹ́ gbé oúnjẹ fún àwọn oníbàárà ilé-iṣẹ́ kan ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀, kí òun lè rí owó ilé-ìwé san. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí à ń wí yìí, ojú ọ̀run ti ṣú dùdù kí ìpè tó wọlé. Ó gbà á, nítorí pé bí ènìyàn bá kọ iṣẹ́ léraléra, ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fo orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ yóò sì máa lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ìjì bá a lójú ọ̀nà. Àgbàrá ti bo títì mọ́lẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè mọ ibi tí títì parí sí àti ibi tí gọ́tà ti bẹ̀rẹ̀. Táyà iwájú wọ gọ́tà, òun sì fi èjìká balẹ̀ lórí kọnkéré. Egungun èjìká rẹ̀ ṣẹ́. Fóònù rẹ̀, tó ti fi ọ̀rá wé dáadáa, kò bàjẹ́. Ó ń dún. Ó fi ọwọ́ kejì gbé e, ó ní, "Ẹ má bínú, mo ti ṣubú sí gọ́tà." Ẹni tó pè é dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, "Oúnjẹ mi ńkọ́?"

Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín bí ó ṣe ń sọ ọ́. Èmi kò rí i rín.

N kò sọ pé ìkà ni oníbàárà yẹn. Ebi ń pa á, ó ti sanwó, òjò sì ń lu páànù orí rẹ̀ tó fi ṣòro kó gbọ́ ohùn ẹnìkejì dáadáa. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò mọ̀ pé òun rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Ó rò pé ìrẹsì ni òun rà.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí èdè, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀rí wà. Yorùbá ya iṣẹ́ ṣíṣe sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ jíjẹ́. Ẹni tó ń roko ń ṣe iṣẹ́. Ẹni tí a rán lọ sí ọjà ń jẹ́ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀-orúkọ kan náà ni, ọ̀rọ̀-ìṣe ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà kò sì kéré. Ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Kò sí ẹni tó lè jẹ́ iṣẹ́ tí a kò rán. "Jẹ́" yìí jọ èyí tó wà nínú "mo pè é, kò jẹ́". Ìdáhùn wà nínú rẹ̀, níbi tí ìdáhùn bá sì wà, ẹnì kan ti kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Gbogbo iṣẹ́ jíjẹ́ ló ní ẹni méjì, ó kéré tán: ẹni tó rán ni àti ẹni tí a rán. Bí a bá pa ẹni àkọ́kọ́ mọ́, gbólóhùn náà kò dúró.

Láti ibẹ̀ ni a ti rí ìránṣẹ́, láti ibẹ̀ ni a sì ti rí òjíṣẹ́. Ẹ wo bí òjíṣẹ́ ti ga tó lẹ́nu wa. Oníwàásù ni òjíṣẹ́ Ọlọ́run; àwọn Mùsùlùmí sì ń pe Ànábì Muhammad ní Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ọ̀rọ̀ kan náà ló tọ́ sí ọmọ tó gbé àmàlà yín wá lórí kẹ̀kẹ́, kò sì sí àbùkù kankan nínú pé kí a pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni à ń pè é? "Dispatch." "Dispatch ti dé." "Mo ń dúró de dispatch." Bí ẹni pé ọmọ náà jẹ́ apá kan ẹrù tó gbé. Ọ̀rọ̀ àyálò kò bí mi nínú, èmi náà ń lò wọ́n, mo sì mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ nìkan kò lè ta ko gbogbo èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n nígbà tí orúkọ tí a yá bá mú kí ẹni tó rán ni ríbi sá pamọ́ sí, ó yẹ kí a tún un yẹ̀ wò.

Ní ayé àtijọ́, òjíṣẹ́ wà lábẹ́ orúkọ ẹni tó rán an. Àwọn ìlàrí Aláàfin Ọ̀yọ́ ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa wọn nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921: a máa ń fá apá kan orí wọn, kí ẹnikẹ́ni tó bá pàdé wọn lè mọ̀ lójúkan náà ibi tí wọ́n ti wá. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ìlàrí, ọba ló fọwọ́ kàn. Àrokò náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé àrokò lọ lè máà mọ ohun tí owó ẹyọ àti ìyẹ́ inú rẹ̀ ń wí, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á mọ ẹni tó fi ránṣẹ́, ó sì mọ̀ pé bí ohunkóhun bá ṣe òjíṣẹ́ ní ọ̀dọ̀ òun, ọ̀rọ̀ ńlá ti délẹ̀.

Lóòótọ́, a kò gbọdọ̀ fi oyin bo ayé àtijọ́. Ẹrú pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń rán níṣẹ́ nígbà náà, òwe wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ." Mo ti gbọ́ òwe yìí ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ẹni tí a rán ni wọ́n sì máa ń pa á fún nígbà gbogbo: lo làákàyè, má ṣe bí ẹrú. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìdajì rẹ̀ àkọ́kọ́. Òwe náà gbà pé ẹnì kan wà tó rán ni níṣẹ́ ẹrú. Kì í ṣe òjíṣẹ́ ló dá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Rírán ọmọ ọlọ́mọ sínú àrá àti mọ̀nàmọ́ná nítorí ìrẹsì àti dòdò, iṣẹ́ ẹrú ni, bí a tilẹ̀ fi ọgọ́rùn-ún náírà kún owó rẹ̀. Òwe mìíràn sì wà nílẹ̀ tó parí ọ̀rọ̀ náà: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, igbe ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní òjò lásán ni, ta ni òjò kò pa rí? Wọ́n ń da òjò pọ̀ mọ́ ìjì. Èdè wa kò dà wọ́n pọ̀. A ní òjò wínníwínní tí kò ní kí ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ má lọ, a ní ọ̀wàrà òjò, a ní àkọ́rọ̀ òjò tó máa ń bọ́ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, a ní àrọ̀kúrò tó ń kádìí àsìkò. Ìjì yàtọ̀. Ìjì ilẹ̀ wa, ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí àsìkò òjò ní pàtàkì, láti ìhà ìlà-oòrùn ló ti máa ń gbéra wá sí ìwọ̀-oòrùn. Atẹ́gùn tútù tó ń já wálẹ̀ láti inú ìkùukùu ńlá ló máa ń kọ́kọ́ balẹ̀, yóò sì tàn ká síwájú òjò. Ìdí nìyí tí eruku fi ń dìde, tí páànù fi ń ṣí, tí ẹ̀ka igi fi ń já kí ẹ̀kán omi àkọ́kọ́ tó bọ́. Àwọn àgbà tó ní Ọya ni í ṣáájú Ṣàngó mọ ohun tí wọ́n rí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó wà láàárín Ọya àti Ṣàngó, àkókò yẹn ni ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ní láti fi yà sí abẹ́ ilé. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn sì fi ń sáré kíkankíkan kí wọ́n lè ṣáájú òjò dé ọ̀dọ̀ oníbàárà.

Bí eré atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti ènìyàn di ìlọ́po mẹ́rin. Àpótí onígun mẹ́rin tí àwọn ọmọ wọ̀nyí gbé kọ́ ẹ̀yìn, ìgbòkun gidi ni nínú ìjì, bí a bá rántí pé ti ojú omi ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀. Bíréékì tó ń fi rọ́bà di etí irin táyà mú kì í tètè mú nígbà tí irin bá tutù. Àwọn kẹ̀kẹ́ àtijọ́ onírin dídán ló tilẹ̀ burú jù nínú èyí. Àwọn kan gbà gbọ́ pé rọ́bà táyà máa ń gba ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ àrá. Irọ́ ni. Ohun tó la òfuurufú kọjá láti inú ìkùukùu dé ilẹ̀ kò ní bẹ̀rù rọ́bà tínínrín. Ohùn àrá ń rin kìlómítà kan ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 3: bí ẹ bá rí mọ̀nàmọ́ná, tí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, tí àrá sì sán, kìlómítà kan péré ló wà láàárín yín. Ìmọ̀ràn àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ni pé kí ènìyàn wà nínú ilé títí 30 ìṣẹ́jú yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá tó sán kẹ́yìn.

Ti omi ilẹ̀ ńkọ́? Omi tó ń ṣàn, bí kò tilẹ̀ jìn ju ìnṣì 6 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Àwa ará Ìbàdàn kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní èyí. Odò Ògùnpa kọ́ wa ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, òjò sì tún un kọ́ wa ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló sì bá àgbàrá lọ ní ìgbà méjèèjì. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, gọ́tà tí kò ní ìdérí kò yàtọ̀ sí títì lójú. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i: àgbàrá ni omi òjò tó ń ṣàn, agbára ni ipá. Mo ti ka ìròyìn kan tí kò ní àmì rí, tó fi jẹ́ pé ń ṣe ló dà bí ẹni pé àwọn alágbára ló gbé mọ́tò èèyàn lọ.)

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti délẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìyókù ìjì Ida dé New York, ìlú tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Òjò tó rọ̀ ní Central Park láàárín wákàtí kan ṣoṣo tó mìlímítà 80, èyí tó borí gbogbo òjò wákàtí kan tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ níbẹ̀ rí. Ènìyàn 13 ló kú ní ìlú náà, yàrá abẹ́ ilẹ̀ sì ni omi ti ká ọ̀pọ̀ jùlọ wọn mọ́. Ní òru ọjọ́ yẹn kan náà, ẹnì kan ya fídíò òjíṣẹ́ kan ní Brooklyn tó ń wọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá nínú omi tó mù ún dé ìbàdí, pẹ̀lú oúnjẹ oníbàárà lọ́wọ́. Fídíò náà tàn kárí ayé. Àwọn kan pè é ní akíkanjú. Ìbéèrè tí mo bi ara mi nígbà tí mo wò ó ni pé, ta ni ó jókòó sí ilé ní irú òru bẹ́ẹ̀ tó ń dúró de oúnjẹ, ṣé ó sì gbọ́ ìró òjò? Nínú oṣù yẹn kan náà, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú náà fọwọ́ sí àwọn òfin tó jẹ́ kí òjíṣẹ́ lè sọ bí ibi tí òun yóò lọ ti gbọdọ̀ jìnnà tó, kí wọ́n má sì fi ipá mú un gba orí afárá. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, owó tó kéré jù tí a lè san fún wọn bẹ̀rẹ̀, ó sì ka àkókò tí wọ́n fi ń dúró de iṣẹ́ mọ́ ọn. Àwọn òjíṣẹ́ náà fúnra wọn ló kó ara wọn jọ tí wọ́n jà fún un.

Mo mọ èsì tí àwọn kan yóò fún mi: àwọn ọmọ náà ló fẹ́ ẹ, owó ni wọ́n ń wá, ẹ má ba oúnjẹ wọn jẹ́. Èsì tó lágbára ni, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ọmọ tí kò bá jáde ní ọjọ́ òjò lè sùn pẹ̀lú ebi. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti to ọ̀rọ̀ náà. Iye ìgbà tí òjíṣẹ́ bá jẹ́ iṣẹ́ ni a fi ń sanwó fún un. Ìgbà tí òjò bá ṣú ni ìpè máa ń pọ̀ jù, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ jáde mọ́. Wákàtí tó léwu jù ni owó wà jù, ìjìyà sì ń dúró de ẹni tó bá kọ̀. Ẹni tó to nǹkan báyìí kò lè wá nawọ́ sí ọmọ náà pé òun ló yàn án.

Èsì kejì kò lágbára rárá, òun ló sì pọ̀ jù lẹ́nu àwa àgbà: òjò pa àwa náà nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò sì pa wá kú. Wọn yóò wá fi òwe kún un pé ẹni tí òjò pa tí Ṣàngó kò pa, kó máa dúpẹ́. Ẹni tí òjò pa ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fi òwe yìí tu ara rẹ̀ nínú. Ẹni tó rán an jáde kò ní in. Bí oníbàárà bá pa òwe yẹn fún òjíṣẹ́ tó tutù rinrin lẹ́nu ọ̀nà, ohun tó ń wí gan-an ni pé òjò ń pa ewé kókò, bí ó lè ya, kó ya. Mo tún fẹ́ kí a gba àwọn ọmọ yìí lọ́wọ́ ìtìjú tí wọ́n máa ń fi sáré. Òjò yàtọ̀ sí ojo. Àmì ohùn méjì péré ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n ẹni tó dúró nítorí òjò kì í ṣe ojo.

Bàbá mi ṣe olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Odò Ọ̀ṣun ní àwọn ọdún 1970 sí 1979. Kẹ̀kẹ́ Raleigh aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń gùn. Nítorí pé ọ̀dọ́ ni wọ́n nígbà náà, àwọn ni ọ̀gá ilé-ìwé máa ń rán lọ sí ìlú láti gba owó oṣù àwọn olùkọ́, ìrìn bíi máìlì 11. Ìtàn tí bàbá mi sọ fún wa jù ni ti ọjọ́ kan tí wọ́n ti fún táyà ní afẹ́fẹ́, tí wọ́n ti di ẹsẹ̀ ṣòkòtò mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ kí ṣéènì má bàa mú un, tí ọ̀gá jáde síta, tó kọjú sí ìlà-oòrùn, tó dúró pẹ́, tó wá ní, "Tíṣà, gbé kẹ̀kẹ́ wọlé. Owó oṣù kò ní sá lọ." Òjò náà kò sì rọ̀! Ó ṣú, ó fẹ́, ó yà sí ibòmíràn. Inú bí gbogbo olùkọ́, pàápàá àwọn tó ti jẹ gbèsè dé ọrùn, bàbá mi alára sì bínú, nítorí (ìyá mi ló tú àṣírí èyí) wọ́n ní ẹnì kan tí wọ́n fẹ́ kí ní ìlú náà. Títí di ọjọ́ alẹ́ wọn ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ọ̀gá yẹn pé ojú ọ̀run ni ó máa ń kà bí ìwé, kò sì mọ̀ ọ́n kà. Èmi ní tèmi, irú ẹni tí mo fẹ́ kó máa rán ọmọ níṣẹ́ nìyẹn. Ó jáde wò. Ó gbà pé kí wọ́n fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀rọ tó ń pín iṣẹ́ lónìí kì í jáde wò. Àwọn tó ni ín lè mú kó máa wò, nítorí ìròyìn ojú ọjọ́ kò ṣòro láti fi sínú rẹ̀. Kí ìpè dúró fún àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ bí àrá bá ti ń sán ní àdúgbò kan. Kí wọ́n má fi ìyà jẹ ẹni tó bá yà fún òjò. Kí wọ́n san nǹkan fún àkókò tó fi dúró, nítorí dídúró náà wà lára iṣẹ́ tó ń jẹ́. Kí wọ́n sì fún wọn ní aṣọ òjò tó ń dán lójú iná mọ́tò, láìyọ owó rẹ̀ nínú owó wọn.

Ti àwa tó wà nílé ńkọ́? Ilé àwọn baba wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí ojú ọ̀nà. Ẹni tí òjò bá ká mọ́ lè yà síbẹ̀ láìbéèrè, àgbà inú ilé yóò sì ní kí ó wọlé wá yáná. Kò sí ẹni tó ń pè é ní àánú. Bí ilé ti rí ni. Ní báyìí, fẹ́ńsì àti géètì ni a fi kọjú sí ọ̀nà, wáyà onígun wà lókè rẹ̀, ọmọ tó bá sì fi kẹ̀kẹ́ ti ara géètì, ọlọ́dẹ yóò lé e. Ibi tí wọ́n ń sá sí ni abẹ́ igi, èyí tó burú jù nígbà tí àrá bá ń sán, tàbí abẹ́ afárá tí àwọn ọkọ̀ ń sáré gbà. N kò ní kí ẹnikẹ́ni wó fẹ́ńsì rẹ̀. Ẹ ní kí ọlọ́dẹ jẹ́ kí ọmọ náà dúró sí abẹ́ òrùlé rẹ̀.

Ní ilé mi, nígbà tí a bá béèrè nǹkan ní àsìkò òjò, gbólóhùn kan ni mo máa ń kọ sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè àpèjúwe ilé: "Bí òjò bá dé, yà sí ibi tó dára. Mo lè dúró." Ọ̀pọ̀ wọn kì í ka ibẹ̀. Ọ̀kan kà á ní oṣù tó kọjá, ó sì pè mí láti abẹ́ ilé ẹnì kan, ìró òjò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní kánsù ẹ̀ tí mo bá pẹ́?" Mo ní rárá. Oúnjẹ náà dé lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀, ó ti tutù. A gbé e kaná.